Láti Kétu dé Adámásingbà lójú ọ̀nà tí wọ́n ń tún ṣe

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, oṣù Kẹta 2022

Aago méje àárọ̀ kò tíì lù tí mo fi wà ní gárájì Kétu. Shooting Stars, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí mò ń tì lẹ́yìn, fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù nílé, ní pápá ìṣeré Lekan Salami, Adámásingbà, n'Ìbàdàn, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò wa tó ń ná ọ̀nà yẹn ló gbà mí nímọ̀ràn: "Àbúrò, tó o bá fẹ́ fojú ara ẹ rí bọ́ọ̀lù yẹn, lọ sùn síbẹ̀. Má gbára lé àárọ̀ ọjọ́ Àìkú." Àwọn yòókù nínú ẹgbẹ́ alátìlẹ́yìn wa l'Ékòó kò ráyè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíì ń tajà ní Sátidé, ẹlòmíì ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Wọ́n ti háyà bọ́ọ̀sì tí yóò gbé wọn láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, inú ẹ̀ sì ni ìlù àti fèrè wà.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ti owó mọ́tò. Láti oṣù Kejì tí bẹntiróòlù tí kò dára ti wọ ìlú ni ìlà ilé epo ti gùn, àwọn awakọ̀ sì ti rí àwíjàre. Ẹni tó ń gba ₦1,500 tẹ́lẹ̀ ń pe ₦2,500. Mo ná an títí, ó gbà ₦2,300 fún ìjókòó ẹ̀yìn, níbi tí orúnkún èèyàn ti ń kan àgbọ̀n. Bí ẹ̀yin náà bá fẹ́ lọ, ẹ wo iye èrò tó ti wà nínú ọkọ̀ kí ẹ tó wọlé, kì í ṣe iye tí agbèrò ń pariwo. "Ó ku ẹnì kan" tí wọ́n ń ké yẹn, ìgbà míì ẹni márùn-ún ló kù, méjì nínú àwọn tó sì ti jókòó, agbèrò ni wọ́n. Bí èrò gidi bá ti ń wọlé ni wọ́n ń yọ́ bọ́ sílẹ̀.

Èrò kún. A gbéra. A kò tíì kọjá Tólugéètì àtijọ́ tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ fi gbà wá lálejò.

Fún ẹni tí kò mọ bí ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí ṣe jẹ́: 1978 ni wọ́n ṣí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ó lé díẹ̀ ní kìlómítà 127. Ó bàjẹ́ débi pé ní 2013, nígbà ìjọba Goodluck Jonathan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún un kọ́ láti ìpìlẹ̀. Wọ́n pín in sí méjì ní oríta Ṣágámù, agbaṣẹ́ṣe kan gba apá Èkó, òmíràn gba apá Ìbàdàn. Ọdún ń gorí ọdún, owó tán, owó dé, ìjọba kan lọ, òmíràn bọ́ síbẹ̀. Ní oṣù Kẹta 2022 yìí, ohun tó wá kù ní apá Èkó kò ju nǹkan bíi kìlómítà 6 lọ, láti Kara bọ̀ sí Tólugéètì àtijọ́. Ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀fun ọ̀nà. Ẹni tó ń jáde l'Ékòó àti ẹni tó ń wọ̀ ọ́, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń fún ara wọn.

Wọ́n ti to kọnkéré dí apá kan, wọ́n wá pín apá kejì sí méjì fún àlọ àti àbọ̀. Katakata ń hú ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, eruku pupa ń wọ ojú fèrèsé, òórùn ọ̀dà gbígbóná sì gbòde. Bí ọkọ̀ kan bá kú síbẹ̀, kò sí ibi tí ẹlòmíì máa yà sí. Tírélà kan sì ti kú síwájú, bí àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ ṣe sọ fún wa nìyẹn.

Orí bíríìjì Otedola ni ọ̀rọ̀ dákẹ́ nínú ọkọ̀. Tánkà epo kan wà lápá ọ̀tún wa, ó súnmọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo lè fọwọ́ kàn án. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ohun kan náà ló wà lọ́kàn gbogbo wa. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà 2018, orí bíríìjì yìí kan náà ni tánkà ti gbiná, èèyàn kú, ọkọ̀ tó lé ní 50 sì jóná. Màmá kan níwájú bẹ̀rẹ̀ sí í ka Sáàmù kẹtàlélógún. Nígbà tó fi máa parí ẹ̀, a ti fi nǹkan bí ọ̀pá mẹ́ta kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tánkà náà, awakọ̀ sì ní, "Ẹ tún un kà, Mọ̀mí, ó ń ṣiṣẹ́." Ẹ̀rín sọ.

Súnkẹrẹ yìí ti di ọjà. Píọ̀ wọ́tà ₦20, ìpékeré ₦100, ẹ̀pà sísè, ìbọsẹ̀, wáyà tí wọ́n fi ń ṣáàjì fóònù, oògùn eku. Ọmọkùnrin kan ta omi fún bàbá tó jókòó tì mí, ó kù kó fún un ní ṣéńjì ₦180 ni ọ̀nà bá ṣí, ọkọ̀ sáré. Mo rò pé owó bàbá ti lọ nìyẹn. Àfi bí ọmọ náà ṣe ń sáré bọ̀ láàárín ọkọ̀, igbá omi lórí, ó sáré títí ó fi bá wa, ó na owó náà wọlé láti ojú fèrèsé. Bàbá ní kó mú ₦100 níbẹ̀. Ó kọ́kọ́ kọ̀, ó gbà á, ó kúnlẹ̀ lórí ọ̀dà, lóòótọ́ ni mo sọ, ó kúnlẹ̀.

Ní Kara, níbi ọjà màlúù létí odò Ògùn, ọkọ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Èéfín bo iwájú. Gbogbo wa bọ́ sílẹ̀ sínú eruku àti òórùn ìgbẹ́ màlúù. Awakọ̀ kò ní omi, omi inú ọ̀rá kò sì lè tó. Mọ́là kan tó ń ta okùn màlúù ló rí wa, kò bi wá ní nǹkan kan, ó wọnú ọjà lọ, ó sì gbé kẹ́ẹ̀gì omi méjì jáde. Awakọ̀ fẹ́ fún un lówó, ó ní rárá. Ó ní ọkọ̀ tó bá kú síbẹ̀ ń dí ọjà àwọn náà lọ́wọ́, kí ó yáa máa lọ.

Ibẹ̀ ni bàbá tó jókòó tì mí ti rí fìlà Shooting Stars tí mo dé. Ojú ẹ̀ là. Ó ní òun gba ọ̀nà yìí lọ sí Súúrùlérè ní 1984 nígbà tí Shooting Stars àti Zamalek ilẹ̀ Íjíbítì ń gbá àṣekágbá ife ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n ti na àwa ní 2-0 ní Kairo, gbogbo Ìbàdàn sì gbà pé a máa san án padà l'Ékòó. "A jẹun àárọ̀ n'Ìbàdàn," ni bàbá wí, "ebi kò tíì pa wá tá a fi dé Súúrùlérè." Mo bi í bí wọ́n ṣe padà, torí mo mọ̀ pé 1-0 ni Zamalek tún fi nà wá lọ́jọ́ náà. Ó wò mí. "Àbọ̀? Ọ̀nà ò gùn. Àwa la ò lẹ́nu."

Ṣé ẹ rí i, ọmọ ọdún mẹ́fà ni títì yìí nígbà yẹn.

Lẹ́yìn Mowé àti Ibùdó Ìràpadà ti ìjọ Redeemed, ọ̀nà là, ọ̀dà tuntun ń dán, awakọ̀ sì fẹ́ fi ìbínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ iná. A bẹ̀ ẹ́. (Ẹ má gba ọ̀nà yìí ní ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù tí ẹ kò bá ń lọ sí Ibùdó náà. Ọjọ́ ìsìn wọn ni, ilẹ̀ mọ́ sójú títì ni o.) Ó kù díẹ̀ kí aago méjì lù nígbà tí mo sọ̀ ní Challenge. Ìrìn tí kò yẹ kó ju wákàtí méjì lọ.

Micra gbé mi dé Mọ́kọ́lá ní ₦150. N kò wẹ̀ kí n tó jẹun. Àmàlà mẹ́ta, gbẹ̀gìrì àti ewédú, ògúnfe méjì, ₦900 ni gbogbo ẹ̀. Ìyá tó ń bù ú wo eruku ara mi, ó ní, "Èkó lo ti ń bọ̀," kò sì dúró gbọ́ ìdáhùn kó tó fi pọ̀nmọ́ kan lé e lọ́fẹ̀ẹ́. Ilé ọ̀rẹ́ mi ni mo sùn. Mi ò tiẹ̀ rántí bí mo ṣe dé orí bẹ́ẹ̀dì.

Ọjọ́ Àìkú

Aago mẹ́jọ ni ìpè àkọ́kọ́ wọlé. Wọ́n ti gbéra ní Ọjọ́ta, ariwo ìlù ni mò ń gbọ́ ju ohùn ẹni tó ń pè lọ. Aago mọ́kànlá, mo pè wọ́n. Ìlù ti dákẹ́. Berger ni wọ́n wà.

Mo rìn lọ sí Adámásingbà lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Àárín ìlú gan-an ni pápá yìí wà, ṣọ́ọ̀bù yí i ká, ọjà kì í tán lẹ́yìn ògiri ẹ̀. Àwọn àgbà ìlú ṣì ń sọ ti Liberty ní Òkè Àdó, níbi tí ẹgbẹ́ yìí ti gbáyì nígbà Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí àti Múdà Lawal, tí wọ́n gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ti àwọn aborí ife ní 1976. Ṣùgbọ́n Adámásingbà ni ilé báyìí, wọ́n sì ti tún un ṣe tó fani mọ́ra. ₦500 ni mo fi wọlé sí ẹ̀gbẹ́ àwọn mẹ̀kúnnù. Ẹ mú owó wẹ́wẹ́ dání, àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì kì í ní ṣéńjì, tàbí kí n sọ pé wọn kì í fẹ́ wá a.

Aago méjì, Mowé. Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀, Ògèrè. Ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀ ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́ bí ẹni tó ń túfọ̀. Aago mẹ́rin, réfírì fun fèrè, bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀.

N kò tíì mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé èèyàn lè gbọ́ ìró bàtà agbábọ́ọ̀lù lára bọ́ọ̀lù ní Adámásingbà. Àwọn ọmọ Ìbàdàn wá o, wọn kì í ṣaláì wá, ṣùgbọ́n ibi tí ìlù àwọn ará Èkó máa ń wà ṣófo pátápátá. Àwọn tó yí ibẹ̀ ká gbìyànjú àtẹ́wọ́, kò délẹ̀. Ìyá elẹ́pà kan lẹ́yìn wa ló kọ́kọ́ gbé e: "Up Shooting!" Àwọn kan dá a lóhùn, ó tún kú. Góòlù kan wọlé kí àkókò ìsinmi tó tó, tiwa ni. Bọ́ọ̀lù kọ́nà ni, wọ́n gbá a wọ àárín, ọmọ wa kan fi orí sọ ọ́ sínú àwọ̀n láti iwájú ilé bí ìdérí ìkòkò ṣe ń bọ́ sórí ìkòkò. Mo fò mọ́ bàbá kan tí n kò mọ̀ rí, ó sì dì mọ́ mi.

Ìdajì kejì ti lọ díẹ̀ kí n tó gbúròó ìlù lẹ́yìn ògiri. Gbogbo wa yíjú síbẹ̀, bọ́ọ̀lù sì wà nílẹ̀ o. Wọ́n dé ẹnu géètì, eruku pupa bò wọ́n láti irun dé bàtà, ẹni tó ń fun fèrè gbé e mọ́ àyà bí ọmọ tuntun. Kò sí ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì mọ́ ní wákàtí yẹn. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì wò wọ́n láti òkè délẹ̀, ó bi wọ́n pé, "Láti àárọ̀?" Wọ́n ní láti àárọ̀. Ó ṣí géètì, kò gba nǹkan kan.

Ìlù wọlé, gbogbo apá yẹn sì dìde. Àwọn agbábọ́ọ̀lù wa tó ti ń rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pe orúkọ ẹ̀. N kò sọ pé ìlù ló dáàbò bo góòlù yẹn títí dé òpin. Ṣùgbọ́n ẹ bi asọ́lé wa.

1-0. Góòlù kan ṣoṣo tó wọlé, àwọn tó fi àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ wà lójú ọ̀nà kò rí i. Wọ́n kó mi sáàárín níta pápá pé kí n ròyìn ẹ̀. Mo ròyìn ẹ̀. Ẹlòmíì dé, mo tún un ròyìn. Nígbà tí mo fi máa rò ó fún awakọ̀ bọ́ọ̀sì, orí tí ọmọ yẹn fi kan bọ́ọ̀lù ní iwájú ilé ti di ẹsẹ̀ tí ó fi ta á láti ìta àpótí, kò sì sẹ́ni tó jà mí níyàn.

Wọn kò dúró jẹun. Kì í ṣe ọ̀nà tí èèyàn ń gbà lóru, pàápàá lẹ́yìn Ògùnmákin níbi tí igbó ti dí. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ṣe àlọ-àtàbọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹ ro ti òru mọ́ ọn kí ẹ tó gbéra. Ọ̀nà míì wà: rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 2021 kò mọ ohun tó ń jẹ́ súnkẹrẹ. Àmọ́ Mọ́níyà ló ń já èrò sí, ó jìnnà sí Adámásingbà, ẹ óò tún wọ mọ́tò. Ẹ sì rí i dájú pé ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ kò tíì lọ kí bọ́ọ̀lù tó parí. Èmi dúró sùn.

Ọjọ́ Ajé

Ìdájí ni mo wọ ọkọ̀ ní Ìwó Road, ₦2,500, kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Dé Ṣágámù, a ń fò. Nígbà tó di aago méje ku díẹ̀ tá a dé Mowé, awakọ̀ na ọrùn wo iwájú, ó ya sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó paná. Ó ní òun kò lọ mọ́. A ní kó dá owó padà, ó dá ₦300 padà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn àríyànjiyàn tó gùn, ó sì yí ọkọ̀ padà sí Ìbàdàn. Bí èrò inú bọ́ọ̀sì ọlọ́nà jíjìn ṣe di èrò Mowé nìyẹn.

Ibí yìí ni mo ti rí ohun tí ojú fèrèsé ọkọ̀ kò fi hàn mí ní Sátidé. Mowé, Ìbafò, Màgbọ̀rọ̀, Àrẹ̀pò: ìpínlẹ̀ Ògùn ni wọ́n ń sùn, Èkó ni wọ́n ti ń jẹun. Owó ilé ló lé ọ̀pọ̀ wọn débẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, etí títì kún dẹ́múdẹ́mú bí ẹni pé òde ìyàwó kan ń lọ níbẹ̀, àfi pé kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín. Dánfó tó ń gba ₦300 dé Berger tẹ́lẹ̀ ń ké ₦700. "Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!" Mo bá wọn jà wọlé.

Arábìnrin kan jókòó tì mí, aṣọ nọ́ọ̀sì lára ẹ̀, sílípáàsì lẹ́sẹ̀ ẹ̀, bàtà iṣẹ́ nínú ọ̀rá lórí itan. Ó bi mí pé, "Bọ̀dá, ẹ̀yin ò kì í ṣe ará ibí, àbí?" Mo ní báwo ló ṣe mọ̀. Ó ní torí bàtà tí mo wọ̀ ni. Ó ní òun a máa jáde láago mẹ́rin àbọ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ òun kékeré ń ṣàìsàn mọ́jú, ó sì pẹ́ kí ó tó sùn. Bí òun bá dé ibiṣẹ́ lẹ́yìn aago mẹ́jọ, wọ́n á yọ ọ́ nínú owó oṣù. Ọ̀gá rẹ̀ ń gbé Ìkẹjà, ó ní kò lè yé e. Mo sọ fún un pé bọ́ọ̀lù ni mo lọ wò n'Ìbàdàn, pé àwọn ọ̀rẹ́ wa pàdánù ìdajì àkọ́kọ́ torí ọ̀nà. Ó rẹ́rìn-ín, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó kàn ní, "Ẹ kú orí ire. Èmi, ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ mi ni mi ò ì tí ì rí lójúmọmọ."

Dánfó kò lè kọjá Kara. Kọńdọ́ ní kí ẹni tó lè rìn máa rìn. Bí gbogbo ọkọ̀ ṣe tú èrò sílẹ̀ nìyẹn, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn lọ sí Berger lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọnkéré, ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn, olùkọ́, ọmọ ilé-ìwé, télọ̀ pẹ̀lú aṣọ oníbàárà lọ́rùn. Àwọn ọlọ́kadà ń gba wọnwáyì láàárín wa, ₦500 dé Berger, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ wá mọ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣe ọ̀nà náà dúró, ó fi àsíá pupa dá katakata dúró kí àwọn obìnrin tó gbé ọmọ pọ̀n lè kọjá. Àwọn náà kò ṣe ìpinnu kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí, ojúmọ́ wọn ni wọ́n wá wá. Ṣùgbọ́n mo rò ó bí mo ṣe ń rìn: ta ló jókòó ṣe ìṣirò pé kí wọ́n dí apá kan láì ṣe ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó ń gba ibẹ̀ láràárọ̀? Ọ̀nà tuntun dára, mo ti sá lórí ẹ̀ lẹ́yìn Mowé, mo jẹ́rìí. Ìrora títún un ṣe ni wọn kò pín dọ́gba.

Tí ẹ bá máa gba ibẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ ọ̀nà bá ń lọ, ẹ mú sílípáàsì dání, àti ìbòmú nítorí eruku. Ẹ gbé omi. Ẹ má fi báàgì kọ́ ẹ̀yìn.

Aago mẹ́jọ ti kọjá dáadáa nígbà tí a dé Berger. Arábìnrin náà jókòó sórí kọnkéré, ó nu ẹsẹ̀, ó wọ bàtà, ó tún fìlà nọ́ọ̀sì ẹ̀ ṣe, ó sì sáré wọ ọkọ̀ Ìkẹjà láì bojú wẹ̀yìn. Èmi wọ ti Kétu, ₦200.

Ó ku Ìkẹ́nẹ́. Tí a bá máa lọ bá Remo Stars nílé wọn, ọ̀nà yìí kan náà ni títí dé Ṣágámù, kí a tó yà. Mo ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ wa pé aago márùn-ún ìdájí ni kí bọ́ọ̀sì gbéra, kí ìlù wọlé ṣáájú réfírì. Ẹnì kan ti dáhùn pé aago mẹ́rin ló dáa jù. Wọ́n ṣì ń jiyàn lé e lórí.